Máàpù Tó Wà Lẹ́yìn Ìwé

Ìwé ìtàn náà ò nípọn,
ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ wú bí àpò ẹni tó jí àgbàdo:
ìwé kan ni wọ́n ṣẹ́po síbẹ̀ lọ́nà mẹ́jọ.
Bí o bá ṣí i tán, ó bo tábìlì,
ó bo àwo ẹ̀wà, ó bo orúnkún ẹni tó jókòó tì ọ́.

Àbúrò bàbá mi, Fápohùndà, ló yà á,
ní Ẹfọ̀n, nínú yàrá tí òkè ń yọjú wò lójú fèrèsé.
Ọgbọ̀n ọdún ló fi wọn ilẹ̀ onílẹ̀ fún ìjọba,
ó ri òkúta ààlà sáàárín àwọn tó ń ṣépè fúnra wọn,
ó mọ bí ẹsẹ̀ bàtà kan péré ṣe ń sọ ọmọ ìyá dọ̀tá.
Nígbà tó fẹ̀yìntì, ó ní ó kù òun ku
ilẹ̀ tí kò ní gbé ẹnikẹ́ni dé kóòtù.

Mo mọ àwọn òkè tó yà.
Ó mú èyí tó wà lẹ́yìn ilé wa, ó hu ìwo fún un.
Ó mú omi Ìkògòsì, èyí tó gbóná àti èyí tó tutù,
ó ní kí wọ́n má pàdé mọ́:
ọ̀kan gba ìlà-oòrùn lọ, èkejì ń wá a kiri,
ìṣẹ́po mẹ́ta gbáko ló fi ń wá a.
Igbó kan wà tí àwọn igi rẹ̀ ń pààrọ̀ àyè lóru,
nítorí náà ó fi lẹ́ẹ̀dì yà á, kò fi tàdáwà;
nínú ìwé títẹ̀ pàápàá,
ó ṣì rí bí ohun tí rọ́bà lè pa rẹ́.

Odò tó tóbi jù, ó pè é ní Ìbídùn,
orúkọ ìyàwó rẹ̀ tó kú lọ́dún tí òjò ò dá.
Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. A rí i, a dákẹ́.

Ó kọ “Ulé Ọba” sí àárín gbùngbùn.
Àwọn òǹtẹ̀wé ránṣẹ́ láti Ìbàdàn pé “Ilé” ló tọ̀nà.
Ó ní, “Bí wọ́n ṣe ń pè é níbẹ̀ nìyẹn.
Ẹ lọ bi àwọn ará ìlú.”
Wọn ò rí ẹni bi. Wọ́n fi í sílẹ̀.

Jọláadé, ọmọ alágbàṣe ẹ̀gbẹ́ wa,
kò ka ìtàn náà rí. Máàpù ló ń kà,
ìka méjì ni ẹsẹ̀ rẹ̀, èékánná ni bàtà.
Lọ́jọ́ kan ó béèrè:
“Bàbá, ẹni tó bá kúrò ní Ulé Ọba láàárọ̀,
níbo ni yóò ti jẹun?”
Bàbá ò fọhùn.
Lóru ọjọ́ náà ó ya iná kékeré sí oríta,
àti obìnrin kan tó ń dín ọ̀jọ̀jọ̀,
nínú gbogbo ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀,
mẹ́tàdínlógójì, pẹ̀lú ọwọ́ tó ń gbọ̀n.
Nínú òmíràn, èéfín ọ̀jọ̀jọ̀ ga ju òkè lọ.

Abúlé kan wà, Ìdí-Ìkùukùu,
tó bọ́ sójú ìṣẹ́po gan-an.
A ṣí i, a pa á dé, a ṣí i,
ilé ibẹ̀ ń fá lọ́kọ̀ọ̀kan,
títí abúlé fi di ihò, tí ìmọ́lẹ̀ ń gbabẹ̀ yọ.
Mo gbé gọ́ọ̀mù, mo fẹ́ lẹ̀ ẹ́. Bàbá ní kí n fi í sílẹ̀:
“Ìlú tí gbogbo ènìyàn ń gbà kọjá ló ń kọ́kọ́ gbó.”

Ó ti lọ báyìí.
Pulọ́ọ̀tì kan àbọ̀ ló fi sílẹ̀ lọ́nà Àrámọkọ,
ẹbí ti gbé téèpù débẹ̀, wọ́n ti ń bú ara wọn.
Máàpù ni mo mú.
Mo ń fi ìka tẹ̀lé Ìbídùn, mo ń wá ibi tó ti wọ òkun.
Bàbá ò ya òkun kankan.
Odò náà dé etí ìwé, kò dúró,
ó bọ́ sórí tábìlì mi.